Má Fi Àmì Àgbà Sára Igi Tútù

Altona, Hamburg
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ ọmọ mi,

Kí lo jẹ lónìí? Bí mo bá bi ọ́ lórí fóònù, wàá ní, "Mo ti jẹun, Màmá Àgbà," bẹ́ẹ̀ kọfí lásán ló wà níkùn rẹ. Wá nǹkan gidi jẹ kí o tó ka lẹ́tà yìí, torí ó gùn. Láti àárọ̀ àná ni mo ti ń kọ ọ́. Bí o bá rí ibi tí àmì ohùn ti kù, bá mi fi sí i. N kò fi han ọ̀gá tó ń kọ́ àwa àgbàlagbà ní ìwé kíkà lọ́jọ́ Sátidé, torí ọ̀rọ̀ ilé ni. Ìyá Rótìmí ń bọ̀ wá sí Berlin lọ́la láti ra irun fún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òun ni yóò gbé e lé ọ lọ́wọ́, pẹ̀lú nǹkan kékeré tí mo fi aṣọ wé. Má tíì tú aṣọ náà. Ka ìwé tán ná.

Lọ́jọ́ Àìkú tí o pè mí, o ní ilé ìtajà ńlá kan ní Berlin fẹ́ ra òòyà onígi tí Bàbá Olóòyà ń ṣe ní Japan, pé wọ́n fẹ́ kó pọ̀, wọ́n sì fẹ́ kó dé kí Kérésì tó dé. O ní igi tó ti gbẹ sínú èéfín lọ́wọ́ Bàbá kò tó nǹkan, Bàbá sì kọ̀, kò ní fi igi tí kò tíì gbẹ ṣiṣẹ́. O ní o ti rí ilé iṣẹ́ kan tí yóò fi ẹ̀rọ gé irú òòyà kan náà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, pé wọn yóò tẹ àmì Bàbá sí i lára, ọjọ́ Ẹtì sì ni o gbọ́dọ̀ fún ilé ìtajà náà lésì.

Mo ní, "Mo ti gbọ́."

O ní, "Ẹ ṣeun, Màmá Àgbà. Mo mọ̀ pé ó máa yé yín." Inú rẹ dùn, o sì pa fóònù.

Àbẹ̀kẹ́, bí àgbà bá ní òun ti gbọ́, kò tíì ní òun gbà. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin S-Bahn lo wà, ọkọ̀ ń pariwo, ohun tí mo fẹ́ sọ kò sì ṣeé sọ nínú ariwo. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

Kí n tó bá ọ wí, jẹ́ kí n yìn ọ́. Nígbà tí o fi iṣẹ́ ọ́fíìsì kọ̀ntéńà ní Hafen, ní èbúté ọkọ̀ òkun, sílẹ̀, ìyá rẹ sunkún. Ó ní, "Ọmọ tó ní iṣẹ́ oṣooṣù ní Germany, ó lọ ń ta kóòmù!" Èmi rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, mo sọ fún gbogbo kíláàsì pé ọmọ mi ti ń bá àwọn ará Japan ṣòwò. Wọ́n ní, "Mọ́tò?" Mo ní, "Òòyà." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kan ní, "Ṣé kóòmù ni kò sí mọ́ ní Germany ni?" Mo yọ òòyà mi nínú báàgì, mo gbé e yí wọn ká. Nígbà tó máa padà dé ọ̀dọ̀ mi, obìnrin mẹ́ta ti fi yarun, bàbá náà sì ti fi ya irùngbọ̀n rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo ń fi ọ́ yangàn, Àbẹ̀kẹ́. Má gbàgbé ìyẹn bí o ṣe ń ka ìyókù.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí Bàbá Olóòyà àti Harumi ọmọ rẹ̀ wá sí ilé ìdáná mi? Ìwọ lo kọ́kọ́ kọ̀wé sí wọn. O ní kò sí òòyà onígi tó dára fún irú irun tiwa ní gbogbo Germany, pé ṣé wọ́n lè ṣe é. Ìdílé kan tó ti ń ṣe òòyà látọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá wọn ni, wọn kò sì tíì ta ẹyọ kan rí fún ẹni tó ń gbé ní ìlú òkèèrè. Èmi rò pé wọn kò ní dá ọ lóhùn. Àfi bí wọ́n ṣe wọkọ̀ òfuurufú, tí wọ́n gun àtẹ̀gùn ilé wa dé àjà kẹta.

Bàbá tẹrí ba fún mi. Èmi náà kúnlẹ̀, torí ó jù mí lọ. Ó rí i pé mo kúnlẹ̀, ó tún tẹrí ba wálẹ̀ sí i. Ìyá Rótìmí tó wá bá wa din dòdò ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ta ni yóò kọ́kọ́ dìde báyìí? Dòdò ń jóná o!"

Lẹ́yìn tí a jẹun, Harumi sọ̀rọ̀, o sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní bàbá òun ń tọrọ àforíjì, pé ó fẹ́ fọwọ́ kan irun mi.

Mo ní, "Orí mi? Orí mi kì í ṣe ọjà. Ẹ fún un ní fọ́tò."

O túmọ̀ rẹ̀. Bàbá ronú díẹ̀, ó fèsì, Harumi sì ní, "Bàbá ní fọ́tò kì í sọ pé ó ń dun òun."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kí n tú gèlè mi. Ìyá Rótìmí ní, "Háà! Ìyá, ọkọ tuntun ti dé!" Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́. Bàbá mú òòyà mẹ́rin jáde, eyín ọ̀kan fẹ̀ ju ti èkejì lọ. Ó fi èkíní kan irun mi, mo ké pé, "Yéè!" Ó dúró, ó mú ìwé kékeré kan, ó kọ "yéè" mi sílẹ̀. Ó fi èkejì kàn án, mo ké, ó tún kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni. Ó mi orí, ó kó òòyà rẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì padà sí ìlú rẹ̀. Ìwọ bínú nígbà náà. O ní, "Gbogbo owó ọkọ̀ yẹn, wọn ò tilẹ̀ mú nǹkan kan lọ!" Ó mú "yéè" mẹ́rin lọ. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, òòyà kan dé nínú páálí, ó wọ irun mi bí omi ṣe ń wọ iyanrìn.

O rí omi lójú mi lọ́jọ́ tí Bàbá wá, o rò pé òòyà kejì ló dùn mí. N kò sọ ìdí rẹ̀ fún ọ. N kò sọ ọ́ fún ìyá rẹ pẹ̀lú. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Jókòó, kí n tẹ́ àkísà mi síwájú rẹ.

Agbẹ́gi ni bàbá mi ní Òkèihò. Ìyẹn o mọ̀. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé òòyà ni iṣẹ́ rẹ̀ jù lọ. Bí ó bá gé igi, yóò là á, yóò tò ó sórí àjà lókè ibi tí ìyá mi ti ń dáná. Èéfín yóò máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí òjò ọdún mẹ́ta yóò fi rọ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà ni yóò tó fi ọ̀bẹ kàn án. Bí ó bá gbẹ́ ẹ tán, ìyá mi á jókòó sórí àpótí níwájú rẹ̀, á fi òòyà náà ya irun rẹ̀. Bí ìyá mi bá fajú ro báyìí, òòyà yẹn padà sẹ́nu ọ̀bẹ. Èyí tó bá kọjá lórí ìyá mi láìfajú ro nìkan ni bàbá mi ń fá ìlà mẹ́ta sí nídìí. Ìlà mẹ́ta yẹn ni àmì rẹ̀. Gbogbo ọjà agbègbè wa ló mọ̀ ọ́n.

Mo ti tó ọmọ ogún ọdún nígbà tí àbúrò bàbá mi obìnrin kan, tó ń ná ọjà Kùmásí ní ilẹ̀ Gáná, yà sọ́dọ̀ wa. Ó ní, "Bùọ̀dá mi, àwọn obìnrin Kùmásí ń béèrè òòyà. Bí ẹ bá fún mi ní apẹ̀rẹ̀ kan, yóò tán kí n tó sọ ọ́ kalẹ̀."

Bàbá mi wo àjà. Ó ní, "Èyí tó gbẹ kò ju ogójì lọ. Mú un. Ìyókù di ọdún tó ń bọ̀."

Ìbínú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi mì. Mo sọ fún ìyá mi pé ọkọ rẹ̀ ń bẹ̀rù ọ̀nà jíjìn. Mo ní àwọn ẹgbẹ́ wa ń di ọlọ́rọ̀ ní Gáná, àwa ń dúró de èéfín. Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ yìí jọ ohun tí o sọ fún mi lọ́jọ́ Àìkú? "Màmá Àgbà, wọn ò fẹ́ dàgbà. Ẹ̀rù ń bà wọ́n." Nígbà tí mo gbọ́ ọ, ara mi bù máṣọ.

Nígbà tó yá, bàbá mi lọ sí oko ẹgàn fún oṣù kan. Mo mọ iṣẹ́ náà, torí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo dàgbà sí. Mo gé igi tútù, mo tò ó ti iná fún ọjọ́ mẹ́ta, mo gbẹ́ ẹ. Ó dán. Ó lẹ́wà ju ti bàbá mi lọ. N kò pe ìyá mi jókòó sórí àpótí, torí bí òòyà náà bá kan orí rẹ̀, yóò mọ̀. Mo kàn mú ọ̀bẹ, mo fá ìlà mẹ́ta sí ìdí gbogbo wọn. Mo kó wọn kún apẹ̀rẹ̀ kan, mo sì bá àbúrò bàbá mi lọ sí Kùmásí. Kí oòrùn tó mú, ọjà ti tán. Mo jó wálé.

Ọyẹ́ dé. O kò mọ ọyẹ́ ilẹ̀ wa. Ó máa ń fa omi inú igi yọ bí ọmọ ṣe ń fa ọmú. Nígbà tí àbúrò bàbá mi padà dé Kùmásí, àwọn obìnrin yí i ká. Eyín òòyà ń ṣẹ́ sínú irun wọn. Ìyàwó kan tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọ̀la, eyín ṣẹ́ mọ́ ọn lórí, ó sì ha á lára títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Wọ́n ń na òòyà sókè, wọ́n ń ní, "Ta ló ni ìlà mẹ́ta yìí? Ọ̀bàyéjẹ́ wo ló ni ín?"

Wọn kò béèrè mi, Àbẹ̀kẹ́. Ta ló mọ̀ mí? Bàbá mi ni wọ́n ń bú, ọkùnrin tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ Kùmásí rí láyé rẹ̀.

Àbúrò bàbá mi kó àwọn tó ṣẹ́ wálé nínú àpò, ó dà wọ́n sílẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàbá mi mú ọ̀kan. Ó gbé e sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀. Kò sí èéfín níbẹ̀. Ó wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní, "Ọwọ́ rẹ dára." Kò nà mí. Ì bá nà mí.

Láti ọjọ́ náà, kò fá ìlà mẹ́ta sí òòyà kankan mọ́. Ó ń gbẹ́ ẹ, ìyá mi ń dán an wò lórí, ó ń tà á láìní àmì. Ìyá mi bi í léèrè, ó ní, "Àmì náà ti lọ sájò. Kò tíì dé." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ó fi kú.

Èyí ni mo rí nígbà tí Bàbá Olóòyà ní fọ́tò kì í sọ pé ó ń dun òun. Orí ìyá mi ni mo rí.

Ó dáa. Gbọ́ ìmọ̀ràn mi báyìí.

Àkọ́kọ́, má pe ẹni tó ń rọra rìn ní ojo. Ọkùnrin tó ti darúgbó, tí kò gbọ́ èdè ẹnikẹ́ni ní Hamburg, tó wá tọrọ kí ó fọwọ́ kan orí obìnrin tí kò mọ̀ rí nítorí òòyà kan ṣoṣo, ṣé ojo nìyẹn? Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi, ó sì ń dé orí rẹ̀. Àwọn kan wà tí òwò wọn ń gbòòrò nítorí pé ọjà wọn pọ̀. Àwọn mìíràn wà tí tiwọn ń gbòòrò nítorí pé ọ̀kan ṣoṣo lọ jìnnà kò sì bàjẹ́. Irú ti Bàbá nìyẹn.

Èkejì, ọ̀rọ̀ àmì. Oko kì í jẹ́ ti baba àti tọmọ kó má ní ààlà. Bí o bá fẹ́ ta òòyà tí ẹ̀rọ gé, tà á, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Fún un ní orúkọ tirẹ̀, kí o sì sọ ní gbangba pé ẹ̀rọ ló gé e. Bí wọ́n bá bú u, ìwọ ni kí wọ́n bú. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró ní ṣọ́ọ̀bù ní Kreuzberg, ní Berlin níbẹ̀, kó máa bú àgbà tó wà ní òkè òkun, tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

O tún ní Harumi kò sọ̀rọ̀ nígbà tí o sọ ọ́ fún un, pé dídákẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ó gbà. Ìwọ àti èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tí "mo ti gbọ́" mi túmọ̀ sí. Pe ọmọbìnrin náà. Bi í léèrè tààrà, kí o sì jẹ́ kó ráyè sunkún bó bá fẹ́ sunkún. Òun àti bàbá rẹ̀ nìkan ló kù nínú iṣẹ́ yẹn. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá wà nínú òòyà ẹ̀rọ yìí, òun ni yóò máa gbé ilé kan náà pẹ̀lú bàbá tó ń gbẹ́ òòyà láìní àmì. Mo mọ bí ilé yẹn ṣe máa ń rí.

Ẹ̀kẹta, ebi. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mo rò pé ẹ̀rù owó ilé ló ń bà ọ́ tí o fi ń kánjú, o kàn ń tijú láti sọ ọ́ ni. Lọ bẹ àwọn ará Hafen kí wọ́n fún ọ ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. O lè máa ṣe é lórí kọ̀ǹpútà láti Berlin, àbí? Ìtìjú kò sí níbẹ̀. Mo ń ránṣọ ní Altona, mo ń tún ọ́fíìsì ṣe láàárọ̀, ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi ṣe méjèèjì pọ̀. Ẹni tí ikùn rẹ̀ balẹ̀ ló lè ní rárá fún ọlọ́jà ńlá.

Ohun tí wàá sọ fún ilé ìtajà náà, òtítọ́ ni. Àwọn ará ibí fẹ́ràn kí a sọ ọ́ bó ṣe rí. Sọ fún wọn pé èyí tó ti gbẹ kéré, pé ìwọ̀nba tó wà ni wàá fún wọn, kí àwọn tó bá fẹ́ sí i forúkọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ọ̀nà kan ò wọjà. Ìyá Rótìmí ti ní kí o kó díẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù ìdirun òun. Ó ní, "Kí ọmọ yẹn yé gbé òòyà sínú gíláàsì ilé ìtajà ńlá! Orí ni ká gbé e sí!" Òótọ́ ló sọ. Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, orí ọmọdé wà, orí àgbà wà, orí tó ń hewú wà. Kọ "yéè" wọn sílẹ̀, kó o fi ránṣẹ́ sí Bàbá. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bàbá kò lè dé gbogbo orí tó wà ní Germany. Ìwọ lè dé ibẹ̀. Iṣẹ́ tìrẹ nínú òwò yìí nìyẹn.

N kò rántí iye tí mo ti kà dé mọ́, àmọ́ èyí ló ṣe pàtàkì jù. Tó bá jẹ́ pé o fẹ́ kí ọjà náà fẹ̀ lóòótọ́, àjà ni kí o kọ́kọ́ ní kí wọ́n mú fẹ̀. Sọ fún Bàbá àti Harumi pé kí wọ́n to igi ìlọ́po mẹ́ta sínú èéfín láti ọdún yìí lọ, torí o ń wá orí tí yóò lò ó. Ohun tí n kò ní ọgbọ́n láti sọ fún bàbá mi nìyẹn. Ǹ bá ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká kọ́ àjà mìíràn." Mo mọ bàbá mi. Ì bá rẹ́rìn-ín, ì bá sì bá mi kọ́ ọ. Ọdún mẹ́ta ì bá kọjá, à bá sì jọ gba Kùmásí lọ.

Ó ti tó. Ọwọ́ ń ro mí. Tú aṣọ náà báyìí.

Òòyà tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí wá láti inú àpò tí wọ́n dà sílẹ̀ níwájú bàbá mi. Mo jí i pamọ́ lọ́jọ́ náà, ó bá mi dé Èkó, ó bá mi dé Hamburg. Eyín méje ló kù lẹ́nu rẹ̀. Wo ìlà mẹ́ta tó wà nídìí rẹ̀, wo bó ṣe gún régé. Ọwọ́ mi dára lóòótọ́. Gbé e sí imú rẹ. Kò sí èéfín níbẹ̀ títí di òní.

Gbé e sórí tábìlì níwájú rẹ lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí o bá ń pe ilé ìtajà náà. N kò ní pè ọ́ lọ́jọ́ yẹn, n kò sì ní bi ọ́ léèrè. Bí o bá ti fún wọn lésì tí kò ní dójú ti Bàbá Olóòyà, gbé òòyà yìí wá fún mi fúnra rẹ. Reluwé Berlin sí Altona kò jìnnà. Màá ti din dòdò sílẹ̀. Àmì bàbá mi ti pẹ́ jù lájò, Àbẹ̀kẹ́. Bá mi mú un wálé.

Orí rẹ kò ní ta kò ọ́. Fi síkáàfù wé ọrùn, òtútù Berlin ju tiwa lọ.

Èmi ni,
ìyá ìyá rẹ, tí òòyà rẹ ń kan orí rẹ̀ láràárọ̀ tí kì í ké yéè mọ́.